Àbùùbùtán ni Lọ́ńdọ̀n: bí mo ṣe mú ọmọ mẹ́ta káàkiri fún ọjọ́ mẹ́ta

Ibi 11 ni mo kọ sórí ìwé kí a tó kúrò nílé. Mùsíọ́mù márùn-ún, ọgbà mẹ́ta, ọkọ̀ ojú omi kan, afárá kan àti ọjà kan, ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo sì fẹ́ fi rí gbogbo wọn. Oṣù kẹjọ ni, iléèwé ti gba ìsinmi, ilé àbúrò mi ní Lewisham la dé sí. Ó ka ìwé náà, ó wo àwọn ọmọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ọmọ ọdún mẹ́rin wà nínú àwọn tí ẹ fẹ́ mú rìn yìí. Ibi méjì lójúmọ́ ti tó." N kò gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àkọ́bí mi, obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 10. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin, jẹ́ 7. Àbíkẹ́yìn jẹ́ 4. Mo dárúkọ ọjọ́ orí wọn nítorí pé òun ló ń sọ iye tí ẹ máa ná sórí ọkọ̀. Ọmọ tí kò bá tíì pé 11 kì í san owó bọ́ọ̀sì, àgbàlagbà kan tó bá sanwó tirẹ̀ sì lè mú tó mẹ́rin nínú wọn wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Géètì fífẹ̀ la máa ń gbà, èmi nìkan ni mo ń fi káàdì kàn án.

South Kensington la kọ́kọ́ lọ. Ihò kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ti ibùdókọ̀ gbé ènìyàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mùsíọ́mù, ó dára gan-an lọ́jọ́ òjò, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ti múra sílẹ̀. Natural History Museum àti Science Museum kì í gbowó ẹnu ọ̀nà láti ọdún 2001. Síbẹ̀, ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ, kí ẹ yan wákàtí yín. Ìlà àwọn tí kò gbà á gùn lọ́jọ́ tí a lọ, oòrùn sì wà lórí wọn.

Bí a ṣe wọ gbọ̀ngán ńlá Natural History Museum, egungun àbùùbùtán, ẹranko ńlá inú òkun, ló wà lókè orí wa, ó dorí kodò bí ohun tó fẹ́ rì sínú ibú. Mítà 25 ó lé díẹ̀ ni gígùn rẹ̀. Etíkun Wexford ní ilẹ̀ Ireland ló ti há sórí iyanrìn lọ́dún 1891. 2017 ni wọ́n gbé e kọ́ síbẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hope. Àkọ́bí mi béèrè ohun tí à ń pè é lédè wa. Mo dá a lóhùn. Ó rọra pe orúkọ náà, ó tún un pè, ó wá ní, "À-bù-ì-bù-tán. Ṣé èyí tí wọ́n bù, tí wọ́n bù, tí kò tán ni?" Ọmọ tí mo máa ń bẹ̀ kó fi Yorùbá dá mi lóhùn nílé ló tú ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Mo dì mọ́ ọn níwájú gbogbo èrò.

Ọ̀dọ̀ àwọn dáínósọ̀ la gbà lọ lẹ́yìn náà. T. rex kan wà níbẹ̀ tó ń mi orí tó sì ń bú ramúramù, àbíkẹ́yìn bú sẹ́kún kí ó tó rí i tán. Bí tiyín bá ń bẹ̀rù ariwo, ẹ gbé e kọjá kíákíá. Yàrá tó ń mì tìtì, tí wọ́n ṣe bíi ṣọ́ọ̀bù kan nígbà ìmìtìtì ilẹ̀ Kobe lọ́dún 1995, ni ọmọkùnrin mi wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá láti ilé wà nísàlẹ̀. Ìrẹsì àti dòdò inú kúlà la jẹ níbẹ̀.

Aago méjì ti kọjá kí a tó dé Science Museum. A rí Apollo 10, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ike ṣe, ojúlówó ẹ̀rọ tó yí òṣùpá ká ní 1969, ara rẹ̀ ṣì jóná láti ìgbà tó ń padà bọ̀. Wonderlab, yàrá eré sáyẹ́ǹsì tó wà nínú rẹ̀, ń gbowó, mo sì san án, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ ti ń kan nǹkan. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́rin, àbíkẹ́yìn ti sùn lọ léjìká mi, ẹsẹ̀ ń dun àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mùsíọ́mù kẹta tí mo kọ sílẹ̀ ṣì wà ní òdìkejì títì. N kò wọ̀ ọ́.

Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn: dípò kí n gbé wọn relé, mo mú wọn wọ ilé oúnjẹ kan nítòsí odò. A dúró tó wákàtí kan kí oúnjẹ tó dé. Nígbà tí ìwé owó dé, wọ́n ti fi 12.5% lé e fún iṣẹ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ níbẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń san án. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ìsàlẹ̀ ìwé oúnjẹ kí n tó jókòó. Lálẹ́, mo mú pẹ́ńsùlù, mo fa igi lé ibi márùn-ún lórí ìwé mi. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ rí ìlú yìí tán pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, ẹran àbùùbùtán ló ń bù yẹn. Kí ó gé ìwọ̀nba tí ọmọ lè jẹ.

Greenwich ló kàn, ọjọ́ ìsinmi sì ni mo fi í ṣe. DLR, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ síbẹ̀, kò ní awakọ̀ níwájú, nítorí náà àwọn ọmọ lè jókòó sí ìjókòó iwájú pátápátá, kí wọ́n máa wo irin ojú ọ̀nà bí ẹni pé àwọn ló ń wà á. Lewisham ni ọkọ̀ ti ń gbéra, a kì í bá ẹnikẹ́ni du ìjókòó yẹn. A wo Cutty Sark, ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní 1869 láti máa kó tíì láti Ṣáínà, láti ìta nìkan. A gun òkè dé ibi géètì Royal Observatory, ilé tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ láyé àtijọ́. Aago kan wà lára ògiri ìta níbẹ̀, nọ́ńbà 24 ló wà lójú rẹ̀. Aago kan ọ̀sán ni fóònù mi sọ. Aago ògiri sọ pé 12, nítorí wọ́n máa ń sún aago ìlú síwájú ní wákàtí kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí kì í sì bá wọn yí padà, ọwọ́ wákàtí rẹ̀ sì kọjú sísàlẹ̀ gbọnrangandan. Ọmọkùnrin mi yí orí rẹ̀ po títí ó fi yé e. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ìyẹn. A gba ihò ẹlẹ́sẹ̀ abẹ́ odò Thames kọjá, tí wọ́n ṣí ní 1902 kí àwọn òṣìṣẹ́ lè máa rìn lọ síbi iṣẹ́ ní èbúté, a jẹun lórí koríko lódìkejì, a sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní British Museum, mo bá wọn ṣe àdéhùn lẹ́nu ọ̀nà: ẹnì kọ̀ọ̀kan máa yan ohun kan, lẹ́yìn ìyẹn a ti ṣe tán. Àkọ́bí yan òkúta Rosetta, òkúta Íjíbítì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lára, a yọjú wò ó láàárín èjìká àwọn àlejò. Ọmọkùnrin yan òkú àwọn ará Íjíbítì. Àbíkẹ́yìn yan bisikíìtì. Èmi yan orí Ifẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ló wà, ní yàrá 25, èrò kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ó kéré díẹ̀ sí orí ènìyàn. Ìlà tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dé ọrùn, bí ẹni fi òòyà ya amọ̀ tútù. Ètè nìkan ló dán. Ọmọkùnrin mi sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èémí rẹ̀ fi bo gíláàsì, ó fi apá aṣọ nù ún. Ó ní, "Mọ́mì, ó kọlà bíi ti Bàbá Àgbà." Pélé ni ti bàbá mi, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún un pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn: àwọn kan ní ilà ni, àwọn mìíràn ní òjìji ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bo ojú ọba ni. Mo sọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938, tí wọ́n bá àwọn orí bàbà nínú ilẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe wà nílé, ní Ifẹ̀ àti Èkó. Bí oníwèé ìròyìn kan ṣe ra èyí, tó fi dé Lọ́ńdọ̀n ní 1939.

"Ṣé ó máa padà sílé?"

Mo ní ó yẹ kó padà. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn, n kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún un. A jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó béèrè ìwé, èyí tó wà lápò mi nìkan ni mo ní, ó yí i dà, ó sì ń fa ìlà sí ojú orí náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi mú wa lọ jẹ àmàlà ní Peckham, bọ́ọ̀sì alájà méjì la wọ̀. Oúnjẹ tètè dé, abọ́ kan tó ọmọ méjì, wọn kò sì fi nǹkan kan lé owó. Mo kọ sọ́kàn pé ibẹ̀ ni ìbá ti dára kí n mú wọn lọ lọ́jọ́ kìíní.

Ìwé yẹn ti wà lára fíríìjì wa nílé báyìí. Ẹ̀gbẹ́ tí orí náà wà ló kọjú síta.