Òwú Kan Tó Láti Fi Wọn Ikùn Ọmọ

Ní Ìlọrin níbí, bí ọmọ bá rí rọ̀bọ̀tọ̀, ìyá rẹ̀ ni a máa ń yìn pé ó mọ ọmọ tọ́. Kò burú, àmọ́ ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ọmọ tó ṣígbọnlẹ̀ lè wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ láìsí ọ̀rá púpọ̀ lára rẹ̀. Òmíràn wà tí ẹ̀wù ń bo ikùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rá inú ikùn yìí gan-an ni à ń wá, nítorí òun ló ń bá àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru rìn.

Ẹ wá òwú líle, irú èyí tí àwọn ahunṣọ fi ń hun aṣọ òkè. Kì í ṣe rọ́bà, torí rọ́bà ń fà. Ọmọ ọdún 6 sókè ni ọ̀nà yìí wà fún.

Kí ọmọ bọ́ bàtà àti fìlà, kó fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri. Ẹ gbé ìwé pẹlẹbẹ lé orí rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. (Bó bá dirun ṣùkú, ẹ dúró dìgbà tó bá tú u, ṣùkú nìkan lè fi ìka mẹ́ta kún gíga ọmọ.) Ẹ na òwú láti ilẹ̀ dé ibi àmì, ẹ gé e, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọn a wọn ibi tí ṣòkòtò so mọ́. Rárá o. Ẹ fọwọ́ wá eegun ìhà tó kẹ́yìn, ẹ wá orí eegun ìbàdí, àárín méjèèjì ni kí òwú tí ẹ ṣẹ́ po náà gbà yí ikùn ká. Kí ọmọ mí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kó má fa ikùn wọlé. Àwọn ọmọkùnrin á ṣáà fà á! Bí etí òwú méjèèjì bá kan ara wọn, kò séwu. Bí wọn kò bá kàn, ikùn ti ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ. Ọmọ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 130, ikùn rẹ̀ kò yẹ kó ju 65 lọ.

Ẹ mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì á fi gíga rẹ̀ ní mítà pín ìwúwo rẹ̀ ní kílò lẹ́ẹ̀mejì. Kílò 40 pẹ̀lú mítà 1.30 á fún wa ní 23.7. Fún àgbàlagbà, kò sẹ́jọ́ níbẹ̀. Fún ọmọ ọdún 9, ó ti sanra jù. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń bèèrè ọjọ́ orí kó tó sọ̀rọ̀.

Téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń so mọ́ apá àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ebi ló ń ṣọ́. Pupa rẹ̀ wà fún apá tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5. Àwọ̀ ewé kò sọ pé ọmọ kò sanra jù.

Ẹ má febi pa ọmọ. Ó ṣì ń ga. Bí ìwúwo rẹ̀ bá dúró díẹ̀, gíga á lé e bá. Ẹ dín mínírà àti ṣúgà inú sobo kù, ẹ se wàrà sínú ọbẹ̀ dípò kí ẹ máa dín in, kí ọmọ sì máa gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ẹ má wọ̀n ọ́n lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì pè é ní Ọ̀rọ̀bọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òwú tuntun ni kí ẹ gé, torí ọmọ ti ga sí i. Ẹni tó wọ̀n ọ́n níjọ́sí ni kó tún wọ̀n ọ́n.