Bí a ṣe ń ṣe ìlànà ìwà fún àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àgbà

Àgbàlagbà tó wá kàwé lè ju olùkọ́ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, kó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, síbẹ̀ kí ojú máa tì í pé òun kò mọ̀wé. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú ìlànà ilé ìwé ọmọdé kí ẹ kàn yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ẹ kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ rí jọ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó ti rú u lójú rí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn wá pé kí olùkọ́ bá òun kà á: ta ni olùkọ́ lè sọ ọ́ fún? Ilé iṣẹ́ tó ń sanwó ẹ̀kọ́ fẹ́ mọ ẹni tí kò ṣe dáadáa. Olùkọ́ ń tajà fún kíláàsì rẹ̀. Èyí tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù ni ti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹ́ra wọn. Òótọ́ ni pé àgbà làwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló ń fún èkejì ní máàkì. Lójú tèmi, ó kéré tán, kí olùkọ́ náà jẹ́ kí àwọn aláṣẹ mọ̀, kí ẹlòmíì sì máa yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn wò.

Ẹ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú ìgbìmọ̀ tó máa kọ ìlànà náà. Ẹ má ṣe pe ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ̀rù lè máa bà á láti sọ̀rọ̀. Malcolm Knowles, tó kọ̀wé lórí ẹ̀kọ́ àgbà ní Amẹ́ríkà, tẹnu mọ́ ọn pé ìrírí àgbàlagbà wúlò nínú ẹ̀kọ́. Ó wúlò níbí náà. Ẹ ka ìlànà tí ẹ ń kọ sókè fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì lè kà á.

Tó bá kan kíkọ, ẹ yẹra fún ọ̀rọ̀ dídùn lásán. “Olùkọ́ yóò bọ̀wọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́” kò tó. Ẹ kọ ọ́ pé: “Olùkọ́ kò gbọdọ̀ lo fọ́tò akẹ́kọ̀ọ́ fún ìpolówó láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.” Ẹni tó bá rú èyí kò ní ibi tó máa fara pamọ́ sí. Ẹ tún sọ èyí tó borí nígbà tí ojúṣe méjì bá takora: a ní láti pa àṣírí mọ́, àmọ́ bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu ńkọ́?

Ẹ kọ ẹni tí aláròyé máa lọ bá síbẹ̀. Kó má jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ fi sùn. Ẹ kọ ohun tó máa tẹ̀lé e pẹ̀lú, látorí ìkìlọ̀ títí dórí ìdádúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kó jọ níbẹ̀rẹ̀ ka iwájú ìlànà náà. Èyí tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ padà lọ tún ibẹ̀ kọ.