Bí olùkọ́ ṣe lè gba TEACH Grant fún oyè másítà, kó má baà di gbèsè sí i lọ́rùn

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní owó ìrànwọ́ kan fún olùkọ́ tó bá fẹ́ gba oyè másítà. TEACH Grant lorúkọ rẹ̀. $4,000 ni wọ́n kọ sínú òfin pé kó jẹ́ lọ́dún, kò sì gbọdọ̀ ju $8,000 lọ lápapọ̀ fún ẹni tó ń ṣe másítà. Àmọ́ òfin ìdínkù ìnáwó ìjọba ti ń bù jẹ nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé $3,772 ló ń tẹ èèyàn lọ́wọ́ láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. A kì í san án padà bí a bá mú àdéhùn iṣẹ́ olùkọ́ tó bá a rìn ṣẹ. Bí a ò bá mú un ṣẹ, gbèsè ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí èèyàn kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó máa ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kó tó wo owó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìgbélùú yín. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card lè gbà á. Àwọn èèyàn wa tó jẹ́ pé físà J-1 tàbí H-1B ni wọ́n fi wá ṣe olùkọ́ kò lè gbà á. Kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilé-ìwé tí ẹ ti máa ṣe olùkọ́ àti iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ilé-ìwé tí ọmọ àwọn tí owó ń wọ́n lọ́wọ́ pọ̀ sí ni wọ́n fẹ́. Orúkọ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní TCLI Directory: ẹ mú ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ wá orúkọ ilé-ìwé yín jáde. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kà ni ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, èdè ilẹ̀ òkèèrè, iṣẹ́ akọ́mọ-ní-ìwé-kíkà (reading specialist), kíkọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà, kíkọ́ ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àti iṣẹ́ mìíràn tí ìpínlẹ̀ yín bá kéde pé òun kò rí olùkọ́ fún. Èyí tó pọ̀ jù nínú kíláàsì yín ló gbọ́dọ̀ jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ìṣirò ní kíláàsì méjì, tó wá ń kọ́ ìtàn ní mẹ́ta, ọdún yẹn kò ní wọlé fún un.

Bí èyí bá ti dúró, ẹ lọ bá ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ní yunifásítì yín. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń ṣe é, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ másítà ló bá a mu. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ fún yín. Wọ́n lè sọ pé máàkì yín (GPA) gbọ́dọ̀ tó 3.25, àmọ́ òfin yọ olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tó ń ṣe másítà, kúrò nínú ìyẹn.

Ẹ wá kún FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Kò dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ tálákà. Lọ́dọọdún tí ẹ bá máa gba owó, ẹ ó tún ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì tún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ẹ má kàn fọwọ́ sí i wàràwàrà.

Ohun tó wà nínú àdéhùn náà ni pé ẹ ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún 4 gbáko láàárín ọdún 8. Ibi tí àwọn olùkọ́ ti ń ṣì í rèé: iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nígbà tí ẹ ṣì ń ka másítà yẹn lọ́wọ́ kò sí nínú ọdún 4 náà. Ìgbà tí ẹ bá parí ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún náà. Ẹni tó ṣe ọdún 3 tó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò ní rí nǹkan kan yọ nítorí ọdún 3 yẹn. Gbogbo owó náà ló di gbèsè, èlé sì ń gorí rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti san án.

Lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹ̀rí iṣẹ́ yín, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Tí ilé-ìwé yín bá ti wà nínú àkójọ lọ́dún kan tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n wá yọ ọ́ lẹ́yìn náà, ọdún yòókù tí ẹ bá ṣe níbẹ̀ ṣì wọlé. Bí àìsàn tàbí ìtọ́jú ẹbí bá sì dá yín dúró, ìjọba lè dá ìṣirò ọdún 8 náà dúró fún ọdún kan lẹ́ẹ̀kan, tí kò ní ju ọdún 3 lọ. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè fún un.