Bí A Ṣe Ń Yọ Imí-ọjọ́ Kúrò Nínú Epo Pẹ̀lú Kátálíìsì Tó Ṣeé Tún Lò

Bí epo dísù bá jó, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ á di gáàsì tó ń ta imú, tó sì ń di ásíìdì bó bá kan omi. Láti 2009, òfin Yúróòpù ò gbà ju mílígíráàmù 10 lọ nínú kílò dísù kan.

Háídírójìn ni àwọn ilé-ìfọpo fi ń yọ ọ́, nínú ooru tó lé ní 300°C àti ìfúnpá ńlá. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, lè ṣe ni ti ọ́síjìn, tí kò gbà ju 60°C lọ. Làbú ni kí ẹ ti ṣe é o, lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ má fi dísù gidi bẹ̀rẹ̀. Ẹ po gíráàmù 0.287 dibenzothiophene, èròjà tó ní imí-ọjọ́ nínú, mọ́ 100 gíráàmù octane, tó máa dúró fún epo. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ á tó bíi mílígíráàmù 500 nínú kílò kan. Dibenzothiophene wà lára àwọn olóríkunkun tí háídírójìn kì í tètè borí.

Kátálíìsì ló ń mú iṣẹ́ yá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán. Èyí tó wù mí jù ni magnetite, irin tí òòfà ń fà, tí wọ́n fi sílíkà bò kí wọ́n tó lẹ phosphotungstic acid, ásíìdì tó ní tungsten nínú, mọ́ ọn. Ẹ má fo sílíkà yẹn. Irin tó wà níhòòhò á kàn máa sọ hydrogen peroxide, tó yẹ kó fún imí-ọjọ́ ní ọ́síjìn, di omi àti ọ́síjìn lásán.

Ẹ da epo àti acetonitrile (omi kẹ́míkà tí kì í pò mọ́ epo dáadáa) tó bá a dọ́gba sínú ìgò ọlọ́rùn mẹ́ta, ẹ fi kátálíìsì sí i, ẹ gbé e dé 60°C. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kán hydrogen peroxide oní-30% sí i díẹ̀díẹ̀, títí á fi tó mílílítà 0.65. Ìlọ́po méjì ohun tí imí-ọjọ́ nílò nìyẹn, torí díẹ̀ á ṣòfò. Bí dibenzothiophene bá ti gba ọ́síjìn méjì, á fi epo sílẹ̀ bọ́ sínú acetonitrile.

Ẹ má fi òòfà kékeré tí wọ́n ń jù sí ìsàlẹ̀ ìgò rò ó: gbogbo kátálíìsì á lọ lẹ̀ mọ́ ọn! Ọ̀pá ìrò tó ti òkè wọlé ni kí ẹ lò. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ẹ dá a dúró; ẹ má gbé e ka sítóòfù.

Bó bá parí, ẹ gbé òòfà ńlá sí ara ìgò níta, kátálíìsì á dì mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹ rọra da omi inú rẹ̀ sínú ìgò mìíràn. Epo ló máa wà lókè. Ẹ fi ẹ́tánọ́ọ̀lù fọ kátálíìsì, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún un lò. Acetone ò gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ rárá: òun àti peroxide pẹ̀lú ásíìdì lè di ohun abúgbàù.

Iye ìgbà tó lè padà ṣiṣẹ́ ni mo fi ń mọ kátálíìsì gidi. Láti mọ̀ bóyá tungsten ń yọ́ jáde, ẹ fa kátálíìsì kúrò nígbà tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, kí ìyókù máa gbóná lọ. Bí imí-ọjọ́ inú epo bá ṣì ń dín kù bí i ti tẹ́lẹ̀, ó ti yọ́ nìyẹn, ẹ padà sídìí bí ẹ ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ sílíkà. Bí kò bá dín kù mọ́, ẹ lè wá gbé dísù gidi síwájú.