Ìgbà wo ló yẹ ká pe àwọn tó ń fọ rọ́ọ̀gì? Ẹ wo ọyẹ́ àti òjò kẹ́ ẹ tó pè wọ́n

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ. Ilé tí kò sí ọmọ kékeré, tí kò sí ajá, tí wọ́n máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó. Ilé tí ọmọ wà, tí àlejò ò wọ́n, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹnì kan nínú ilé bá ní ásímà tàbí tó máa ń sín ṣáá láràárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin méjì péré lẹ ń gbébẹ̀. Àwọn tó ń ṣe rọ́ọ̀gì ní Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ pé láàárín oṣù 12 sí 18, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ò kúkú fẹ́ dé ọ̀dọ̀ tiwọn, ẹ má gbé kàlẹ́ńdà wọn wá sí Ìbàdàn jàre.

Rọ́ọ̀gì onírun ni mò ń sọ o, èyí tí wọ́n tẹ́ kún yàrá látògiri dógiri àti èyí kékeré tó wà láàárín pálọ̀. Tó bá jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà lẹ ní, omi, ọṣẹ àti mọ́ọ̀pù ti tó fún un, ẹ má pe ẹnikẹ́ni.

Lójú tèmi, àsìkò tẹ́ ẹ fọ rọ́ọ̀gì ṣe pàtàkì ju iye ìgbà tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Láti bí ìparí oṣù kọkànlá títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ọyẹ́ ń gbé eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, púpọ̀ nínú ẹ̀ láti apá Bodélé ní ilẹ̀ Chad, eruku yẹn kúnná bí ìyẹ̀fun, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gba ojú nẹ́ẹ̀tì, ó dìgbà tó bá dé ìdí irun rọ́ọ̀gì kó tó jókòó. Ẹni tó wá pe wọ́n wá fọ rọ́ọ̀gì lọ́sẹ̀ Kérésì torí pé àlejò ń bọ̀, kí oṣù kìíní tó parí eruku á ti kún un padà, owó ti lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó mọ́ fún Kérésì, ẹ fi vacuum, ẹ̀rọ tó ń fa eruku, fà á dáadáa, ẹ gbé ti àárín pálọ̀ síta kẹ́ ẹ lù ú, kẹ́ ẹ tọ́jú owó fífọ̀ di ìgbà tí ọyẹ́ bá káńgárá ẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Oṣù kẹta lèmi fara mọ́ jù. Eruku ti dáwọ́ dúró, oòrùn mú, òjò ò tíì rinlẹ̀, rọ́ọ̀gì tí wọ́n bá fọ̀ láàárọ̀ á gbẹ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Tẹ́ ẹ bá máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣe ìkejì níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá nígbà tí òjò bá ti ká kúrò, ìyẹn ló máa kó ẹrẹ̀ àti ọ̀rinrin ìgbà òjò jáde. Ìkejì yìí ló wúlò jù fún àwọn alásímà, torí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà tójú ò lè rí, èépá ara tiwa yìí tó ń já bọ́ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì fẹ́ràn ọ̀rinrin gan-an, ìgbẹ́ wọn tó bá fẹ́ sókè lẹ̀mí ń gbé lọ, torí náà tí òjò bá fi ń parí wọ́n á ti pọ̀ yanturu síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n oṣù kẹfà, oṣù keje, oṣù kẹsàn-án, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò àyàfi tí nǹkan burúkú bá dà sí i. Rọ́ọ̀gì tó bá tutù ju ọjọ́ kan sí méjì lọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu lábẹ́, òkè ẹ̀ á gbẹ tẹ́ ẹ máa rò pé ó ti tán, àfi kẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kẹrin kí òórùn pàdé yín. Tí kò bá ṣe é yẹ̀ sílẹ̀, ẹ dúró de ìgbà tójò máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó àsìkò? Ẹ sún sófà kúrò, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ abẹ́ ẹ̀ mọ́ àwọ̀ ẹnu ọ̀nà, tó bá ti dà bíi pé rọ́ọ̀gì méjì ni, ó ti tó. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lu ojú kan lọ́sàn-án tí oòrùn ń gba fèrèsé wọlé, ẹ̀ẹ́ rí ohun tó máa fò sókè. Èyí tó tún dájú ni pé tí òjò bá ṣú tí rọ́ọ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn láìjẹ́ pé omi kàn án, ìtọ̀ ọmọ tàbí ọbẹ̀ àtijọ́ ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rinrin ló jí i.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ pè wọ́n, ẹ má kọ́kọ́ béèrè èló, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn kan á gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ rẹpẹtẹ wá, wọ́n á fọ̀ ọ́ lọ́ṣẹ, wọ́n á fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún, wọ́n á gbowó lọ, ojú ẹ̀ á mọ́ lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́, àmọ́ ọṣẹ tó kù nínú irun ẹ̀ ló máa wá ń di ìdọ̀tí mú, kó tó pẹ́ á dọ̀tí ju tàtijọ́ lọ. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ni ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi gbígbóná wọ̀ ọ́ tó sì tún ń fa omi yẹn padà jáde, ẹ ní kí wọ́n fi omi tó dúdú nínú bákẹ́ẹ̀tì hàn yín, ẹ̀rù á bà yín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa kọ́kọ́ fa eruku gbígbẹ kí wọ́n tó da omi sí i, ẹni tó bá ní kò pọn dandan, ẹ jẹ́ kó máa lọ, torí eruku ọyẹ́ tí omi kàn láìfà á tẹ́lẹ̀, ẹrẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún béèrè ta ló máa ni jẹnẹrétọ̀ àti epo tí NEPA bá múná lọ lójijì, ẹ dá a sọ ṣáájú kó má dìjà.

Tó bá jẹ́ irun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe rọ́ọ̀gì yín, ẹ sọ fún wọn látilẹ̀, bílíìṣì àti ọṣẹ tó le máa bà á jẹ́ ni. Èyí tó pupa fòò, irú tó wà níwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù tẹ igun kan ẹ̀ mọ́lẹ̀ ná, tí aṣọ bá gba àwọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, àárọ̀ kùtù ni kí wọ́n dé. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ tan fáànù, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ màmá wọn àgbà tó bá wà nítòsí. Tí wọ́n bá dá àga padà kó tó gbẹ, ẹ fi láílọ́ọ̀nù sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ìpata irin tàbí àwọ̀ igi á wọ rọ́ọ̀gì, ìyẹn kì í sì í fẹ́ jáde mọ́.

Mọ́sálásí ò lè lo ìṣirò ilé o. Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ ni iwájú orí ń kanlẹ̀ níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá tún fi ti Jímọ́ọ̀ kún un, ó yẹ kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ ní bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó kéré tán kó kan èyí tó ṣáájú Ràmàdáánì. Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni ẹsẹ̀ tó tutù látibi àlùwàlá, ẹ tẹ́ nǹkan tó ń fa omi sáàárín ibi àlùwàlá àti ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀. Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ Ajé ni kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ kó lè gbẹ kí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ tó dé.

Ká tó dé ìgbà fífọ̀ ńkọ́? Vacuum lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti pẹ́ jù, torí iyanrìn tó bá wọ ìdí irun rọ́ọ̀gì, bá a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń gé irun náà. Ìgbálẹ̀ líle ń ti iyanrìn wọlé sí i ni. Tí epo pupa bá dà sí i, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ fi ṣíbí kó o, ẹ bu páúdà sí i kó fa epo, ẹ gbá a, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ọṣẹ tẹ́ ẹ fi ń fọ abọ́ díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Zobo ń fẹ́ omi tútù kíákíá, kó tó gbẹ. Àbẹ́là tó kán sí i, ẹ gbé yìnyín lé e kó le, ẹ ha á, kẹ́ ẹ tẹ́ bébà lé èyí tó kù kẹ́ ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù gorí ẹ̀, bébà á fà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ háyà ilé ní England, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2019 tí òfin Tenant Fees Act ti bẹ̀rẹ̀, onílé tàbí éjẹ́ǹtì ò lè fi dandan lé e pé kẹ́ ẹ sanwó fáwọn tó ń fọ rọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó kó jáde. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ bó ṣe mọ́ tó nígbà tẹ́ ẹ wọlé, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ wọ́n lè yọ owó fífọ̀ ẹ̀ nínú owó tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, nítorí náà ẹ ya fọ́tò gbogbo igun lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́.

Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ ilé ní àwọn àdúgbò olómi bíi Àjà ní Èkó, tí omi ń rin wá látinú ilẹ̀, kò sí fífọ̀ tó máa gbà á, ẹ ká a kúrò kẹ́ ẹ tẹ́ táìsì.