Ẹ Má Fi 320 Tan Ara Yín Jẹ: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Ba Orin Jẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà àti Fóònù

Oníbàárà kan gbé fláàṣì wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Orin jùjú àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí n bá òun wo ohun tó ń ṣe áàpù tí òun fi ń gbọ́ ọ, torí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú orin náà kò dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ó ń dún ṣììì, bí ìgbà tí àkàrà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú epo gbígbóná. "Ẹ̀gbọ́n, 320 ni o," ló ń tẹnu mọ́. Nọ́ńbà yẹn (kbps, ìyẹn iye dátà tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ló sì wà lára fáìlì MP3 náà lóòótọ́. Mo ṣí i nínú Audacity, sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn, mo yí àwòrán rẹ̀ sí spectrogram, èyí tó ń fi hàn bí ohùn inú orin ṣe ga tó, ní Hz. Láti ìsàlẹ̀ títí dé nǹkan bí 16,000 Hz ni orin wà. Òkè ibẹ̀ ṣófo pátápátá, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Fáìlì 128 ni ẹnì kan mú, tó wá sọ ọ́ di 320. Áàpù kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí mò ń bá pàdé, èyí ló wọ́pọ̀ jù, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí nọ́ńbà bá ti ga, orin náà ti dára nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí MP3, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún orin pọ̀ kí fáìlì rẹ̀ lè kéré, ń ṣe. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ní ìlú Erlangen, nílẹ̀ Jámánì, tí Karlheinz Brandenburg wà lára wọn, ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ọdún 1995 ni wọ́n sì mú .mp3 gẹ́gẹ́ bí ìparí orúkọ fáìlì rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ohùn ńlá máa ń bo ohùn kékeré mọ́lẹ̀. Bí ìyáàlù bá ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò ní gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn yín. MP3 á gé orin sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá kan nínú ogójì ìṣẹ́jú àáyá tàbí díẹ̀ sí i lọ. Á yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò, á sì ju ohun tó gbà pé etí kò ní gbọ́ nù. Síídì ń lo 1,411 kbps. MP3 oní-128 ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá ìyẹn. Orin ìṣẹ́jú márùn-ún tó jẹ́ nǹkan bí 53 MB lórí síídì á wá di èyí tí kò pé 5 MB. Èyí tó pọ̀ nínú ìyókù, wọ́n ti jù ú nù.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti àtẹ́wọ́ ló kọ́kọ́ máa ń fara gbá a. Ohùn ẹni tó ń kọrin ní ipa tó ṣeé tọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ló ń lu akèrègbè pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn kún òkè lọ́hùn-ún, ọ̀kan ò sì jọ ìkejì. Bí àyè tí MP3 ní bá ti kéré, ibẹ̀ ni á ti rọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Agogo tó yẹ kó dún "kọ́ń" gbáko náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣáájú ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáìlì kan dára, ẹ má fi ohùn olórin dán an wò, ẹ tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ti lọ yẹn, kò sí sọ́fítíwíà tó lè lọ ṣà á padà. Bí ẹ bá da omi ike kan sínú dúrọ́ọ̀mù, omi ike kan náà ló wà níbẹ̀. Orin tí wọ́n fà wá láti YouTube, AAC tàbí Opus (ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn bíi MP3) ló jẹ́ níbẹ̀; nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ di MP3 oní-320, ìfúnpọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, fáìlì ti tóbi, orin ti burú sí i.

Ẹ má máa tú MP3, kí ẹ tún fún un pọ̀

Ẹnì kan á gé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ orin kúrò, á fi pamọ́. Lọ́jọ́ kejì á fi kún ariwo rẹ̀, á tún fi pamọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gé ibi tó dùn jù fún ìpè fóònù, òun náà á fi pamọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni orin yẹn ti gba inú MP3 kọjá, yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Audacity máa ń tú MP3 palẹ̀ kó tó gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ní kó gbé e jáde ní MP3, á tún fún un pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ gígé nìkan lẹ fẹ́ gé e, mp3DirectCut á gé e láìtú u. Tó bá jẹ́ ariwo rẹ̀ lẹ fẹ́ fi kún tàbí dín kù, MP3Gain á ṣe é, dB kan àbọ̀ (1.5 dB, ìwọ̀n ariwo) lẹ́ẹ̀kan, láìfọwọ́ kan orin inú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ló jẹ́ kí n máa rin kinkin mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá bàbá mi jẹ́ ọdẹ, ó sì ń sun ìjálá. Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló kù fún wa tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ariwo fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ń bí mi nínú, ni mo bá fi Noise Reduction Audacity gbá a dànù pátá. Mo sọ ọ́ di MP3 oní-64 torí àyè dísíìkì, mo sì pa WAV, fáìlì àkọ́kọ́ tí a kò tíì fún pọ̀, rẹ́. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo gbé e sétí, ohùn bàbá ń dún bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Mo ronú gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Omi ló dànù, agbè ò fọ́: kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú páálí lókè àjà. Fóòmù kékeré tó máa ń ti tépù mọ́ orí ẹ̀rọ ti jábọ́, torí náà mo tú ìdè (skúrù) márùn-ún ara kásẹ́ẹ̀tì náà, mo sì kó tépù náà sínú ike kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbà á sí FLAC, èyí tó ń dín fáìlì kù láìju ohunkóhun nù, mi ò sì fọwọ́ kan ariwo kankan. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹrin, lẹ́yìn ohùn bàbá, mo gbọ́ odó. Ẹnì kan ń gún nǹkan lẹ́yìnkùlé. Kò sí i rárá nínú ti àkọ́kọ́. Èmi fúnra mi ni mo ti kà á mọ́ ìdọ̀tí, tí mo sì gbá a dànù.

Nítorí náà, ẹ gbà á ní FLAC tàbí WAV ná. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbà yẹn, ẹ má tún un ṣe, ẹ má nù ún, ẹ kàn tọ́jú rẹ̀ síbi méjì. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ fọ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ sọ di MP3. Bí ẹ bá sì ń gbà á, ẹ jẹ́ kí ohùn tó ga jù dúró ní nǹkan bí -6 dB. Èyí tó bá ti kan òkè, tí orí rẹ̀ ti pẹ̀rẹ̀sẹ̀, máa ń ha títí láé.

Ẹ má gbọ́ mi sódì ṣá o. MP3 kì í ṣe ọ̀tá. LAME (sọ́fítíwíà tó ń sọ orin di MP3) tí a bá fi sí ìwọ̀n V2, tó ń lo nǹkan bí 190 kbps, tí ó sì ti ara síídì tàbí FLAC wá tààrà, etí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ orin nínú ọkọ̀ akérò kò nílò kó máa fi dátà fa FLAC. Ìwàásù tàbí ọ̀rọ̀ lásán, Opus oní-32 tó o. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ ìyàtọ̀, kó fi ìdánwò ABX inú áàpù orin foobar2000 dán ara rẹ̀ wò, níbi tí kò ti ní mọ èwo ni wọ́n ń gbé sí òun létí.

Ẹ má tíì pa áàpù rẹ́

Bí orin bá ti ha, ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ áàpù kúrò, wọ́n á fà á lákọ̀tun. Àkókò àti dátà ló ń bá a lọ. Ẹ gbé fáìlì kan náà sínú áàpù mìíràn ná. Bó bá ń ha níbẹ̀ náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáìlì ló ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí kò bá ha, ẹ wo ọ̀pá ìdiwọ̀n ohùn: áàpù VLC lè gbé e kọjá 100%, orin tó sì ti kún tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Equalizer (ibi tí a ti ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀ tàbí ti òkè) tí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ sókè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sí òdo, kí ẹ wá fi bọ́tìnì sípíkà gbé ohùn sókè.

Tí orin bá ṣàdédé dún bí ẹni ń pè yín lórí fóònù, tí ẹ sì ń lo Bluetooth lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wò ó bóyá áàpù ìpàdé kan ṣì ṣí sílẹ̀. Bí ó bá ti di gbohùngbohùn (máìkì) íapíìsì yín mú, Bluetooth á kúrò níbi orin, á bọ́ síbi ìpè, ohùn kan náà ni etí méjèèjì á sì máa gbọ́, tí kò ní òkè. Ẹ pa áàpù ìpàdé yẹn, orin á padà sípò. Mo ti rí ẹni tó ra íapíìsì tuntun torí èyí.

Yíyí orúkọ kì í ṣe yíyí fáìlì. Ohùn tí wọ́n gbà sórí WhatsApp, Opus ni. Bí ẹ bá fi .mp3 rọ́pò ìparí orúkọ rẹ̀, Opus náà ni, ẹ̀rọ inú mọ́tò á sì máa wò ó níran. Nínú VLC, ẹ tẹ Ctrl àti J, á sọ ohun tí fáìlì jẹ́ gan-an.

Bí áàpù bá sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni fáìlì nígbà tí orin kò ju mẹ́fà lọ, ó sábà máa ń jẹ́ VBR (fáìlì tí kbps rẹ̀ ń yí padà bí orin ṣe ń lọ) tí kò ní àkọlé ìbẹ̀rẹ̀. Orin inú rẹ̀ lè má ní àléébù kankan, ìṣirò ni áàpù ṣì ṣe. foobar2000 lè bá yín tún un ṣe.

Àmì ohùn wa ló kù. Ẹ kọ "Ọ̀ṣun" sára orin, ẹ̀rọ ń fi á» hàn yín níbi tí ọ ti yẹ kó wà. UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó gba àmì wa, ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ̀rọ náà sì ń kà á bí ìkọ̀wé àwọn ará Yúróòpù. Ẹ má tìtorí ìyẹn yọ àmì kúrò lára gbogbo orin yín. ID3v1 àtijọ́, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ orin sí nínú MP3, kò lè gbé àmì wa rárá, àyè lẹ́tà 30 péré ló sì ní fún àkọlé. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Nínú Mp3tag, sọ́fítíwíà tí a fi ń tún orúkọ orin kọ, ẹ yan ID3v2.3 pẹ̀lú UTF-16, kí ẹ sì tún orúkọ náà fi pamọ́. Orin ẹyọ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ gbé e sórí fóònù àti sínú mọ́tò, kí ẹ wò ó níbi méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.