Bí A Ṣe Ń Yan Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì Nílẹ̀ Tí Ooru Ti Ń Mú

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ta ọ́ìlì níwájú ọgbà àwọn mẹkáníìkì kan n'Íbàdàn. Ohun tí mo gbọ́ jù lẹ́nu oníbàárà ni: "Ẹ fún mi ní èyí tó ki dáadáa, oòrùn ìlú yìí ti le jù." Corolla ọdún 2005 ló wà lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sí nǹkan tó ṣe é, 20W-50, ọ́ìlì tó ki gan-an, sì ni wọ́n fẹ́ lọ rọ sí i. Mo tà á fún wọn, torí ọjà ni mo gbé síwájú. Ní báyìí tí mo ti kó kúrò nísọ̀, mo lè sọ òótọ́ ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà tó bá mọ́tò yín mu

Nọ́ńbà ọ́ìlì yìí wà nínú ìwé tó bá mọ́tò wá láti ilé-iṣẹ́, èyí tó máa ń wà nínú píjìn-hóòlù. Tòkunbọ̀ kì í sábàá bá ìwé yẹn wá. Ti ẹlòmíràn wà níbẹ̀, wọ́n ti fi nu gíríìsì ọwọ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà: 5W-30 tàbí 0W-20. Bó bá jẹ́ pé ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládípọ̀ tàbí Gate ni wọ́n ti ra ìdérí náà, ẹ má gbára lé e, ó lè jẹ́ ti mọ́tò mìíràn. Toyota àti Honda ń gbé ìwé yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún tí mọ́tò jáde àti irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni kí ẹ fi wá a, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan: Corolla 2005 ti Amẹ́ríkà ń lo 5W-30, Corolla 2014 ti wọ́n ń lo 0W-20.

Tí ẹ bá ti rí i, ẹ kọ ọ́ sórí téèpù bébà tí àwọn tó ń kun ilé ń lò, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò tí mo bá fọwọ́ kàn tí kò ní téèpù yìí, mo ka ẹni tó ni ín sí àlejò mọ́tò ara rẹ̀.

Ibi tí gbogbo ayé ti ń ṣìnà

Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀, W ló sì pín wọn. W yẹn dúró fún winter, ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Ẹ rántí epo pupa nígbà ọyẹ́. Láàárọ̀ ó ti dì nínú ìgò, ṣíbí la fi ń wa á. Tí oòrùn bá ta sí i lára, ó ti ń ṣàn. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ̀rọ̀ nípa àárọ̀ yẹn: bó bá ṣe kéré sí ni ọ́ìlì náà ṣe ń tètè ṣàn nínú òtútù. Nọ́ńbà ẹ̀yìn, ìyẹn 20, 30, 40 tàbí 50, ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá ti gbóná, 100°C ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ dúró níbi 100 yẹn ná. Omi tó ń hó nìyẹn. Ìbàdàn lóṣù Ẹrẹ́nà lè dé 35, Màídúgùrì a máa kọjá 40. Kò sí èyí tó dé ìdajì. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì mọ̀ pé iná ló ń jó nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi tẹ́mósítáàtì, rédíétọ̀ àti fáànù síbẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè dúró sójú kan. Ọ́ìlì inú mọ́tò tó ti gbóná dáadáa ní Toronto àti ti èyí tó ti gbóná dáadáa ní Ìlọrin kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra; nǹkan bí 90 sí 110°C ni ti àwọn méjèèjì máa ń wà. Oòrùn tó ń pa yín lórí kọ́ ló ń pa ọ́ìlì yín. Bí rédíétọ̀ yín bá ti dí tàbí tí fáànù ò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n fáànù ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má fi ọ́ìlì tó ki bò ó mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ kí èyí yé yín, torí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì àwọn èèyàn ti ń kú. Lóru, ọ́ìlì á ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá sítáàtì láàárọ̀, púńpù ní láti fà á gòkè títí dé orí. Kó tó débẹ̀, irin ń ha irin, ìwọ̀nba àsìkò kékeré yẹn ló sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì jù. Ọ́ìlì tó ki ń pẹ́ kó tó gòkè. Tó bá tún wá gòkè tán, agbára ni ẹ́ńjìnnì fi ń tì í kiri, epo pẹtiróòlù yín ló sì ń san owó agbára yẹn.

Èyí tó tún burú ni ti àwọn mọ́tò tó ní VVT-i tàbí i-VTEC, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà. Nínú wọn, ọ́ìlì kì í kàn ṣe ohun tó ń mú irin yọ̀, òun náà ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí káàmù, irin tó ń ṣí fáàfù, padà. Ojú ọ̀nà tó ń gbà kọjá há, ó sì ní asẹ́ kékeré. Ọkùnrin kan gbé Camry wá, iná check engine ò kú, kọ̀ǹpútà ka P0011, kóòdù tó ń sọ pé àsìkò káàmù ti yẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ fáàfù tó ń darí ọ́ìlì, ọ̀rọ̀ bréènì-bọ́ọ̀sì ló kù tí wọ́n ń dà rò. Mo bi í pé ọ́ìlì wo ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ta á fún mi, Ẹ̀gbọ́n." 20W-50 ni. A tú u dà, a da 5W-30 sí i, iná yẹn kú lọ́jọ́ kẹta. Àtọjọ́ náà ni mo ti ń bi oníbàárà léèrè kí n tó gba owó, àwọn kan sì bínú kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Ìgbà tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan kún un

Mi ò sọ pé kí ẹ má yẹ̀ rárá. Òtútù ọyẹ́ tiwa kò sún mọ́ ibi tí omi ti ń dì, nítorí náà nọ́ńbà iwájú kì í fi bẹ́ẹ̀ dà wá láàmú. Ìwé tó ní 5W-30 máa ń gbà pé kí ẹ lo 10W-30 tí ẹ ò bá rí ti àkọ́kọ́, níbí ẹ ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ tún rántí pé òfin tó ń díwọ̀n epo tí mọ́tò ń jẹ wà lára ohun tó jẹ́ kí ìwé mọ́tò Amẹ́ríkà fẹ́ràn ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìwé tí Toyota fúnra wọn ń tẹ̀ fún ọjà ilẹ̀ olóoru máa ń ní àtẹ ooru tó fàyè gba 15W-40 fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọn. Àní ìwé tó ní 0W-20 pàápàá sọ pé èyí tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ga jù ú lọ lè dára jù fún mọ́tò tó ń sáré gan-an tàbí tó ń ru ẹrù tó wúwo.

Òfin tèmi nìyí: ẹsẹ̀ kan péré ní nọ́ńbà ẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ jẹ́ méjì, ó sì gbọ́dọ̀ nídìí. 30 lè di 40 tí ẹ́ńjìnnì bá ti rin kìlómítà tó lé ní 200,000, tàbí tí mọ́tò bá jẹ́ kábúkábú tó ń kó èrò láti àárọ̀ dalẹ́. 20 lè di 30 fún ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìkòròdú dé Victoria Island pẹ̀lú éésì. Kò sí ohun tó ń gbé 20 dé 50.

20W-50 ní ibi tirẹ̀: Peugeot 504 tí wọ́n to ní Kàdúná, Mercedes àtijọ́, àti Volkswagen ìjàpá. Ìjàpá yìí gan-an ni oòrùn ń bá jà, torí kò ní omi, atẹ́gùn àti ọ́ìlì nìkan ló ń tù ú lára. Àwọn bàbá wa tó fi ìjàpá kọ́ṣẹ́ ló kọ́ wa pé ọ́ìlì tó ki ló dára, òótọ́ sì ni wọ́n sọ, mọ́tò ló yí padà. SAE 40 tí kò ní W rárá, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́.

Tí mọ́tò bá ń rú èéfín tó jọ búlúù, rìǹgì tàbí sìlì fáàfù ló ti jẹ. Ọ́ìlì tó ki á dín èéfín náà kù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó kàn ń sún ọjọ́ ìnáwó síwájú ni. Bí ẹ bá mọ̀ pé ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn, kò burú.

Lẹ́tà tó wà lẹ́yìn gálọ́ọ̀nù

Kékeré ni wọ́n ń kọ ọ́: API SN, API SP. API ni àjọ Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí ọ́ìlì. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S wà fún ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C wà fún dísẹ́ẹ̀lì. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A ló ṣe jẹ́ tuntun. SP, tó jáde ní 2020, ló tún rọ́pò SN. SL wà fún ẹ́ńjìnnì 2004 sẹ́yìn, SJ fún 2001 sẹ́yìn. SF ni ẹ óò rí lára gálọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tò sí etí títì, ẹ́ńjìnnì 1988 sẹ́yìn ni wọ́n sì ṣe ọ́ìlì yẹn fún. Ẹ mú SN tàbí SP, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá ní Mercedes, BMW tàbí Volkswagen tuntun ní láti wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, bíi MB 229.5 tàbí VW 502 00, lára gálọ́ọ̀nù. API nìkan kò tó fún wọn.

Ní ti sìntẹ́tíìkì, ọ́ìlì tí ilé-iṣẹ́ fi ọgbọ́n kẹ́míkà ṣe, àti èyí tí kì í ṣe é: ooru ẹ́ńjìnnì ló ń sọ ọ́ìlì di arúgbó, sìntẹ́tíìkì sì ń pẹ́ kó tó gbó. Tówó bá wà, ẹ rà á. Tówó ò bá sí, ẹ ra èyí tó wọ́pọ̀ tó ní API SN, kí ẹ máa tètè pààrọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta tàbí kìlómítà 5,000 ni mo fún ti lásán, oṣù mẹ́fà tàbí 8,000 fún sìntẹ́tíìkì. Èyí tó bá ṣáájú ni kí ẹ mú. Ẹ má wo kìlómítà nìkan, torí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́tò ò lọ, ẹ́ńjìnnì ò sì dákẹ́. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra tírítímẹ́ńtì oníke kékeré tí wọ́n ń dà mọ́ ọ́ìlì, ẹ fi ra fíítà tó dáa.

Kí wọ́n má ta omi aró fún yín

Ẹ lè mọ nọ́ńbà àti lẹ́tà, kí ohun tó wà nínú gálọ́ọ̀nù má sì jẹ́ nǹkan kan. Àwọn kan ń ra gálọ́ọ̀nù òfìfo lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, wọ́n á sẹ́ kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n ti lò, wọ́n á pa á láró, wọ́n á dé e pa. Orúkọ tó bá gbajúmọ̀ jù ni wọ́n ń yà lò jù.

Fífi ọ́ìlì ra láàárín ìka kò sọ nǹkan kan, mo rí àwọn àgbà mẹkáníìkì tí ìka wọn tàn jẹ. Pé ọ́ìlì tètè dúdú kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ìdọ̀tí tí èyí tẹ́ ẹ lò tẹ́lẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń fọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ra á lọ́dọ̀ ẹni tó ń gba ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, mo sì máa ń ní kí wọ́n já páálí lójú mi. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára páálí gbọ́dọ̀ bá ti ara gálọ́ọ̀nù mu. Lẹ́yìn náà mo gbé e lé ìwọ̀n: lítà 4 tó pé gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi kílò 3.5, láìka ike. API náà ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè ti wá orúkọ ọ́ìlì tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n látinú dọ́rọ́ọ̀mù. Ó lè jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́rìí sí i?

Ẹ gbé ọ́ìlì yín dání lọ bá mẹkáníìkì, kí ẹ sì dúró tì í. "Ẹ lọ jókòó, Alàgbà, mo máa pè yín" ni ọ̀rọ̀ tí mo fi ń mọ ẹni tí mi ò ní padà lọ bá.

Iṣẹ́ dídà á sí i fúnra rẹ̀ kò le: kí mọ́tò lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tú ti tẹ́lẹ̀ dà tán, kí ẹ pààrọ̀ fíítà. Bí kò bá sí àrọ, ẹ gé orí ike omi, ó ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da gbogbo gálọ́ọ̀nù sí i nítorí pé ẹ ti rà á. Corolla 2005 yẹn ń gba lítà 3.7, ìyókù wà fún tọ́ọ̀pù. Tó bá kún jù, irin tó ń yí nísàlẹ̀ á máa lù ú di ìfófòó, ìfófòó ò sì lè gbé irin. Orí ilẹ̀ tó tẹ́ ni kí ẹ ti fa gééjì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ pa á.

Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù náà, ẹ má dà á sí gọ́tà. Káfíńtà máa gbà á lọ́wọ́ yín, ó ń fi lé ikán kúrò lára pákó. Gálọ́ọ̀nù òfìfo ni mi ò fún ẹnikẹ́ni rí. Mo máa ń fi ìṣó lù ú níhò mẹ́ta nísàlẹ̀ kí n tó jù ú nù, lójú ọmọ iṣẹ́ tó ń wò mí bíi pé mo ń fi owó rẹ̀ ṣòfò.